Ẹ Bi Wá: Ọtí Kíkan Lórí Irun Gígùn Tí A Fi Dáì Kùn

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú fún oṣù yìí, láti Àkúrẹ́, ìlú Oǹdó àti Ìdànrè. Ọ̀rọ̀ ọtí kíkan, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní fínígà, ni gbogbo wọn ń sọ, àti ohun tí ó lè ṣe tàbí tí kò lè ṣe fún irun gígùn tí a ti fi dáì kùn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a fi ìbéèrè inú wọn sílẹ̀ bí àwọn tó kọ wọ́n ṣe gbé wọn kalẹ̀.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Irun mi ti kọjá èjìká báyìí tí mo bá nà án. N kò fi rílásà sí i rí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi dáì aláwọ̀ igi kùn ún. Ọṣẹ dúdú tí màmá mi ń fi eérú èèpo kòkó sè ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Láìpẹ́ yìí ni irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í le koránkorán, kò dán mọ́, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, ó sì ń pọ́n. Onídìrí mi ní kí n máa fi fínígà ṣan án. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá dán an wò, gbogbo dáì náà ni yóò bá omi lọ. Mo da díẹ̀ sí i láti inú ìgò láì bu omi là á, ó sì ta mí lórí gan-an. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa là á, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sì lè lò ó lóṣù?
(Olùkàwé kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, arábìnrin wa. Nínú àwọn méjèèjì, onídìrí yín ló sún mọ́ òtítọ́ jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Fínígà tí a bá bu omi là dáadáa kì í bó dáì tó ti wọ inú irun kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kì í so dáì mọ́ irun. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pa agbára eérú tí ọṣẹ fi sílẹ̀ lára irun, ó sì ń jẹ́ kí ara irun tó ti ṣí padà sùn lélẹ̀. Nítorí náà, kí a tó dé orí ìgò fínígà yín, ọṣẹ yín ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìpínlẹ̀ wa yìí ni kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó dàgbà síbí tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ náà. A ó sá èèpo kòkó sóòrùn títí yóò fi gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó kó eérú sínú àjẹrẹ, a ó da omi lé e lórí, a ó sì se omi eérú tó bá kán sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àdí tàbí epo pupa títí yóò fi dì. Omi eérú yẹn ló ń sọ epo di ọṣẹ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú mú ìdọ̀tí bí ó ṣe ń mú un. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ní òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní pH, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bí agbára eérú inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Ohun tó bá kan wà nísàlẹ̀ 7, ohun tó bá ní agbára eérú wà lókè rẹ̀, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà ní nǹkan bí 9 sí 10. Awọ orí wa wà ní nǹkan bí 5.5, fọ́nrán irun fúnra rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 3.67, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ kan ní Bràsíl ṣe kọ ọ́ ní 2014 nígbà tí wọ́n yẹ ṣáńpù 123 wò, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá irun ṣe déédéé.

Ara fọ́nrán irun kì í ṣe ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìpẹ́ kéékèèké ló bò ó, tí wọ́n tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà ṣóńṣó irun. Ẹ lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n: ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là di fọ́nrán kan mú, kí ẹ fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kí ẹ wá fà á láti ṣóńṣó padà wá sí ìdí. Fífà kejì yìí ni yóò há mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà tí omi àti agbára eérú bá jọ pàdé lára irun, irun yóò wú, ìpẹ́ rẹ̀ yóò gbé sókè, dáì inú rẹ̀ yóò sì máa rí ọ̀nà jáde díẹ̀díẹ̀. Irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ti gbé sókè kì í dán, fọ́nrán kan á sì máa kọ́ èkejì tí ẹ bá ń yà á. Ìyẹn ni líle koránkorán tí ẹ ń sọ.

Dáì ti fi kún ìṣòro náà kí ọṣẹ tó dé. Dáì tó ń pẹ́ lára irun kò lè wọlé láì kọ́kọ́ gbé ìpẹ́ sókè: àmóníà inú rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn, hydrogen peroxide á wá bó díẹ̀ nínú àwọ̀ dúdú tí a bí irun mọ́, á sì mú kí èròjà dáì so pọ̀ di ohun ńlá tí kò rọrùn fún láti jáde mọ́. Iṣẹ́ yìí kan náà ló ń bó ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ara irun, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ irun á máa mu omi kíákíá, á sì tún máa tètè gbẹ. Nígbà tí dáì aláwọ̀ igi náà bá wá ń lọ díẹ̀díẹ̀, dúdú tó wà tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti padà hàn. Pupa tó wà lábẹ́ dúdú ni yóò máa yọ. Ohun tó fà á tí irun yín fi ń pọ́n nìyẹn, fínígà kò sì lè dá dúdú náà padà.

Ẹ tún ro ti gígùn rẹ̀. Irun ń gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, irun wa tó ká sì máa ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí irun yín bá tó 40 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí ẹ nà án, ṣóńṣó rẹ̀ ti wà lórí yín fún ọdún mẹ́ta ó lé. Ó ti rí òòyà, oòrùn, ọṣẹ àti dáì ju ìdí irun lọ fíìfíì, ìpẹ́ sì ti bó kúrò lára àwọn kan pátápátá. Níbi tí kò bá ti sí ìpẹ́ mọ́, kò sí ohun tí fínígà yóò mú sùn lélẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fínígà ń tún ṣóńṣó tó ti là sí méjì ṣe, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá àlùmọ́gàjí.

Ní ti bí ẹ ó ṣe là á, fínígà inú ìgò sábà máa ń ní ìdá 5 nínú 100 èròjà kíkan, pH rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 2.4. Abájọ tí ó fi ta yín lórí. Ẹ mú píọ̀wọ́tà ọ̀rá kan, tí í ṣe 50 sẹ̀ǹtílítà, ẹ tú u sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ wá fi ṣíbí ìjẹun kan fínígà sí i. Ẹni tí kò kun irun rẹ̀ lè lo ṣíbí méjì. Fún irun yín, ẹyọ kan tó. Ẹ má sì rò pé ó ti di omi lásán nítorí pé ẹ là á. Kíkan rẹ̀ kì í tètè lọ bí a ṣe ń fi omi kún un. Àpòpọ̀ yìí ṣì wà ní nǹkan bí pH 3.2, èyí tó kan ju irun fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ pẹ́ lára. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, ẹ gbé orí sẹ́yìn kí ó má bàa wọ ojú, ẹ rọra dà á láti ìdí irun lọ sí ṣóńṣó, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú irun, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ wá fi omi lásán ṣàn án kúrò. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí tó tutù ni kí ẹ lò. Ẹ má ba ara yín nínú jẹ́ nítorí òórùn rẹ̀, nítorí èròjà kíkan náà máa ń fò lọ bí irun ṣe ń gbẹ.

Ẹ má dúró síbẹ̀, nítorí fínígà kì í fi nǹkan kan sára irun. Kọndíṣánà ló ń fi nǹkan sílẹ̀: èròjà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó ti bàjẹ́ lára irun, ó sì ń jẹ́ kí òòyà kọjá wọ́ọ́rọ́. Irun gígùn tí a kùn kò lè ṣe láìsí i. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ṣóńṣó irun nígbà tí ó ṣì tutù. Kí ẹ tó fọ irun ló sì dára jù láti fi àdí àgbọn pa á, ó kéré tán láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà fi hàn ní 2003 pé àdí àgbọn ń wọ inú irun, ó sì ń dín ohun tí fífọ̀ ń gbà kúrò nínú rẹ̀ kù.

Ẹ bi mí léèrè iye ìgbà. Bí ẹ bá ń bá ọṣẹ dúdú lọ, ẹ máa lò ó lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìfọ̀ fúnra rẹ̀ má sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo ni irun náà, n kò ní máa fi agbára eérú ṣí irun kí n tún wá fi fínígà pa á dé lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọṣẹ ni n bá yí padà. Ṣáńpù tí a ṣe fún irun tí a kùn, tí pH rẹ̀ kò kọjá 5.5, pẹ̀lú kọndíṣánà, yóò ṣe gbogbo ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ fínígà, ẹ kò sì ní nílò rẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí jẹ́ẹ̀lì àti ìpara bá ti pọ̀ jù lórí. Ọṣẹ màmá kò burú. Ara ni kí ẹ máa fi wẹ̀. (Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ ọ́ fún màmá o, a kò sí níbẹ̀.)

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Bí omi bọ́hóòlù ilé yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, tó sì máa ń fi èèpá funfun líle sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù, ohun tó wà nínú kẹ́tùlù yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ irun yín pẹ̀lú. Ẹ da fínígà díẹ̀ sínú kẹ́tùlù náà kí ẹ sì wò ó: yóò hó yẹ́ẹ́, èèpá náà yóò sì máa yọ́. Lára irun, ohun kan náà ni ó ń ṣe, èyí sì ni iṣẹ́ tí mo gbà pé fínígà mọ̀ jù lọ. Tí ó bá jẹ́ omi òjò ni ẹ fi ń fọ irun, ìṣòro yìí kò kàn yín.

Ẹ kò béèrè èyí tí ẹ ó rà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn yóò fi ti èso ápù olówó ńlá hàn yín tí ẹ bá dé Ọjà Ọba. Èròjà kíkan kan náà ló wà nínú rẹ̀ àti nínú funfun tí a fi ń se oúnjẹ. Ẹ wo ara ìgò fún nọ́ńbà NAFDAC àti ìdá 5 tí mo sọ, ẹ má sì ra èyí tí a rọ sínú ìgò tí kò ní ìwé lára, nítorí èròjà kíkan tí a kò là tí wọ́n ń lò níléeṣẹ́ lè bó awọ orí.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ìlú Oǹdó. Mo fi dáì pupa kan kun irun mi tó dé àárín ẹ̀yìn, irú èyí tí a kì í po mọ́ nǹkan kan kí a tó lò ó. Ìrọ̀rí mi àti ọrùn aṣọ mi ti pọ́n tán. Àǹtí mi, tó ń ṣe àdìrẹ, ní kí n rẹ irun náà sínú fínígà àti iyọ̀, kí n fi ọ̀rá bò ó sùn, pé dáì náà yóò dúró. Bàbá mi àgbà sì ní kí n má wulẹ̀ ra fínígà, pé ẹmu tó ti kan wà lóko. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, má ṣe é. Bí ohun kíkan bá pẹ́ lára awọ lábẹ́ ọ̀rá, ó lè bó awọ náà. Àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí fínígà jó lára nítorí pé wọ́n fi báńdéèjì dè é mọ́ ojú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, awọ orí kò sì le ju awọ ibòmíràn lọ.

Àǹtí rẹ kò dédé sọ ọ́. Àwọn dáì kan wà tí ohun kíkan ń ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irun àgùntàn àti sílíkì ni wọ́n ń fi kùn, inú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Òwú kì í gba irú wọn, ìwọ náà kò sì ní se orí rẹ. Àdìrẹ fúnra rẹ̀ gan-an, aró tí àwọn ìyá wa ń fi ewé èlú ṣe, inú omi eérú ló ti ń ṣiṣẹ́, tí í ṣe òdì kejì fínígà. Dáì tí o lò kì í wọ inú irun lọ títí. Ara ìpẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ló ń dúró sí, gbogbo ìgbà tí o bá sì fọ irun ni díẹ̀ yóò bá omi lọ. Ohun tó ń kun ìrọ̀rí rẹ ni èyí tó ṣẹ́ kù lórí, tí kò rí ibi dì mú. Fi omi tútù ṣan irun náà láìsí ọṣẹ títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, fi aṣọ ìnura funfun tó ti gbó tẹ ìdì irun kan wò, kí o sì tún ṣan án tí aṣọ náà bá ṣì pọ́n. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọjọ́ fífọ̀ jìnnà síra, fi ìborùn bo irun nínú oòrùn nítorí oòrùn náà ń jẹ́ kí dáì ṣá, kí o sì mú gèlè dúdú sùn. Tí o bá fẹ́ lo fínígà, ìwọ̀n tí a sọ fún arábìnrin tó ṣáájú ni kí o lò, fún ìṣẹ́jú kan péré, kí o sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí o máa rí nínú bí irun ṣe ń dán ni, kì í ṣe nínú bí pupa náà yóò ṣe pẹ́ tó.

Bàbá àgbà kò purọ́ nípa ẹmu. Ìwúkàrà ló ń sọ ṣúgà inú ẹmu di ọtí, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín mìíràn á wá sọ ọtí náà di ohun kíkan; Louis Pasteur, ará Faransé, ló ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí ní 1864. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ bí ẹmu inú kèrègbè ṣe kan tó, ṣúgà àti ìwúkàrà ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ irun gígùn tí o kò fi ní lè yà á. Àwọn èèrà ilé yín ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìbéèrè

Onídìrí ni mí ní Ìdànrè. Àwọn oníbàárà mi ń sọ pé àtáṣímẹ́ǹtì ń yún wọn lórí, pàápàá àwọn tí irun wọn gùn tí wọ́n sì ti kùn ún. Mo gbọ́ pé kí a máa rẹ àtáṣímẹ́ǹtì sínú fínígà kí a tó fi dì í. Ìbéèrè mi kejì ni pé ṣáńpù tí a fi ń pa agbára rílásà ti wọ́n jù. Ṣé mo lè lo fínígà dípò rẹ̀?

Ìdáhùn

Èkíní dára, ẹ máa ṣe é. Wọ́n máa ń fi nǹkan kan bo ara ọ̀pọ̀ àtáṣímẹ́ǹtì oníke níléeṣẹ́, òun ló sì ń yún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ po ìdá kan fínígà mọ́ ìdá mẹ́rin omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàsì, ẹ má tú ìdì àtáṣímẹ́ǹtì náà kí ó má bàa lọ́ mọ́ra, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ óò rí ohun funfun bí ìfófòó tí yóò máa léfòó sójú omi. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi mímọ́ ṣan irun náà dáadáa, kí ẹ fi í kọ́ sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ni, bíi pupa tàbí búlúù, ẹ kọ́kọ́ rẹ fọ́nrán díẹ̀ wò, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa yọ sára irun tí oníbàárà yín ti náwó lé. Fún ẹni tí irun rẹ̀ gùn tí a sì ti kùn, ẹ má di í le jù: irun tí dáì ti bó ọ̀rá lára rẹ̀ máa ń tètè já nídìí, yíyún rẹ̀ sì lè jẹ́ ti fífà, kì í ṣe ti àtáṣímẹ́ǹtì.

Èkejì, ẹ jọ̀wọ́, rárá. Agbára eérú inú rílásà kọjá 12 lórí òǹkà pH tí a sọ lókè, ó sì sábà máa ń fi ojú egbò kéékèèké sílẹ̀ tí oníbàárà kò tíì mọ̀. Ẹ ó da ohun kíkan sí i. Yàtọ̀ sí pé yóò ta á, ṣáńpù náà ń fọ rílásà kúrò, fínígà kì í fọ nǹkan. Ọ̀pọ̀ irú ṣáńpù bẹ́ẹ̀ sì máa ń hó pọ́n tí rílásà bá ṣì kù lára irun, á wá hó funfun nígbà tí ó bá ti tán. Fínígà kò lè fi ìyẹn hàn yín. Owó ṣáńpù náà ni kí ẹ fi kún owó iṣẹ́ yín. Níwọ̀n ìgbà tí a ti mẹ́nu kan rílásà, ẹ má gbà fún oníbàárà tó ní kí ẹ fi rílásà àti dáì sí irun òun lọ́jọ́ kan náà. Rílásà ló ń ṣáájú, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí dáì tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun mi sì jẹ́ dírẹ́dì tó dé ìbàdí. Mo máa ń fi dáì dúdú kun ewú ìdí rẹ̀. Nígbà méjì tí mo lò ó kẹ́yìn, orí ń yún mi lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn etí mi wú, omi sì ń yọ níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n máa rẹ dírẹ́dì náà sínú fínígà, pé ìdọ̀tí ló ń fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
(Bàbá kan ní Àkúrẹ́)

Ìdáhùn

A kí yín, bàbá wa, a sì kí ìyá náà. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kò jọ ti ìdọ̀tí. Nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú ni èròjà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ paraphenylenediamine, tí wọ́n máa ń kọ ní PPD. Ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń lò ó láìsí wàhálà. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni yíyún àti wíwú sábà máa ń dé, létí irun, lẹ́yìn etí àti lójú. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tó tẹ̀ lé e máa ń le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ má fi dáì náà kàn án mọ́. Ẹ má sì gba ti lálì dúdú tí wọ́n ń polówó pé ewé lásán ni, nítorí PPD yìí náà ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn. Lálì gidi, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ni ó ń fún ewú.

Ẹ fi fínígà sílẹ̀ nígbà tí awọ bá ń yọ omi. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Virginia, Amẹ́ríkà, ní kí ènìyàn 22, tí ìdajì wọn ní àrùn awọ tó ń yún, máa rẹ apá kan sínú fínígà tí a là gan-an, kí wọ́n sì rẹ apá kejì sínú omi lásán lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 14. Fínígà náà kò tún awọ wọn ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ta tàbí tó yún díẹ̀.

Nígbà tí awọ yín bá ti san, ẹ lè fi fínígà tí a là ṣan dírẹ́dì yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, kí ọṣẹ tó há sínú rẹ̀ lè jáde. Ìda oyin ni kò lè mú kúrò. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ ṣan án ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ, kí ẹ sì fún un títí omi kò fi ní kán mọ́, nítorí dírẹ́dì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè lo ọjọ́ kan gbáko kí inú rẹ̀ tó gbẹ, èyí tó bá sì tutù sùn yóò bu.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kun ewú náà lọ́jọ́ iwájú, kí ó jẹ́ dáì tí kò ní PPD, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Àmọ́ dókítà awọ ara ni kí ẹ rí ná, lọ́sẹ̀ yìí. Bí ojú yín bá wú tàbí tí èémí bá ń ṣòro fún yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú páálí dáì náà dání, kí wọ́n lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.